Aago tó ń ka èémí ọmọ wa, ta ló ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Ètò ìlera àti ọjà la tún bá dé. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe òṣùwọ̀n àgbàdo, kì í sì í ṣe ti gàrí.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká ti ọjà bẹ̀rẹ̀. Bí ìyá kan bá ń ta àgbàdo, tó wá tẹ ìdí tongolo rẹ̀ wọnú díẹ̀, ṣé ẹ máa dákẹ́? Ẹ ò ní dákẹ́. Ẹ máa yí i dà, ẹ máa wo ìdí rẹ̀, ẹ máa ní, "Ìyá, ẹ mú òmíràn wá." Tó bá jẹ́ ẹlẹ́ran ni, ojú yín ò ní kúrò lára òṣùwọ̀n rẹ̀ títí abẹ́rẹ́ ibẹ̀ á fi dúró. Ó dára bẹ́ẹ̀. Owó yín ni, ẹ gbọdọ̀ ṣọ́ ọ.

Àmọ́ òṣùwọ̀n kan wà tí a kì í yí dà wò. Òun ni aago. A ń bá a lára ògiri ilé ìwòsàn, lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, lára ẹ̀rọ, a sì ń gba ohun tó bá sọ gbọ́ bí ẹni pé ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Èrò tèmi rèé, ẹ bá mi gbé e yẹ̀wò: aago tí a fi ń tọ́jú èèyàn, òṣùwọ̀n ni bí òṣùwọ̀n ọjà. Ó yẹ kí ẹnì kan máa yẹ̀ ẹ́ wò lásìkò, kó kọ ohun tó bá rí sílẹ̀, kí àwa ará ìlú sì lè béèrè ìwé náà.

Kí ni aago ń wọ̀n ní ilé ìwòsàn? Ẹ mú ọmọ tó ń wúkọ́, tí ara rẹ̀ gbóná. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ máa ní kí ìyá gbé e mọ́ra jẹ́jẹ́ kó má baà sunkún, ó máa ká aṣọ ọmọ sókè, ó máa ka iye ìgbà tí àyà rẹ̀ gbéra tó tún wálẹ̀, fún odindi ìṣẹ́jú kan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló fi ìlànà náà lélẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, bí èémí rẹ̀ bá ti tó 60 ní ìṣẹ́jú kan, ó ti yá jù. Ọmọ oṣù 2 sí 11, 50 ni ààlà. Ọmọ tó ti pé ọdún 1 tí kò tíì pé 5, 40 ni. Ọmọ tó ń wúkọ́ tí èémí rẹ̀ dé ààlà yìí, wọ́n á fura sí òtútù àyà, àrùn tó ń mú ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n á sì fún un lóògùn.

Ṣé ẹ rí i? Kò sí ẹ̀rọ ńlá kankan níbẹ̀. Ojú nọ́ọ̀sì ni, àti aago.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó, torí iṣẹ́ olùkọ́ ni mo kọ́ kí n tó jókòó síwájú míkírò. Ọmọ oṣù 8 kan ń mí ní ìgbà 54 ní ìṣẹ́jú kan. Ó ti kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n aago tí wọ́n fi ń kà á ń yára: ìṣẹ́jú-àáyá 54 péré ló lò tó fi dún pé ìṣẹ́jú kan ti pé. Èémí mélòó ni nọ́ọ̀sì máa bá? 48. Ó máa kọ 48 sínú ìwé, ó máa ní kò tíì dé 50, ìyá á sì gbé ọmọ rẹ̀ padà sílé. Nọ́ọ̀sì ò purọ́. Ìyá ò pẹ́ nílé kó tó wá. Aago ló dá ọmọ náà padà láìgba oògùn.

Ẹ wá yí i padà. Ọmọ mìíràn, oṣù 8 lòun náà, ń mí ní ìgbà 46. Aago tiwọn ń lọ́ra, ìṣẹ́jú-àáyá 66 ló ń pè ní ìṣẹ́jú kan. Nọ́ọ̀sì máa ka 50. Wọ́n á fún ọmọ náà ní amoxicilline tí kò nílò. Bàbá ti náwó lásán, oògùn ti dín fún ẹni tó nílò rẹ̀, kòkòrò àrùn sì tún rí àyè kọ́ bí yóò ṣe máa dènà oògùn náà.

Kì í ṣe èémí nìkan. Àyẹ̀wò ibà tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ sí, oríṣi kan ní kí a wo òun ní ìṣẹ́jú 15, òmíràn ní 20. Ìwé inú páálí rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Bí a bá wò ó ṣáájú àkókò, ìlà lè má tíì yọ. Bí a bá fi í sílẹ̀ pẹ́ jù, ìlà èké lè yọ. Irin tí wọ́n fi ń gbẹ̀bí ńkọ́? Nínú ìkòkò olóoru tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ara irin, ooru gbọdọ̀ wà ní dígírì 121 fún ìṣẹ́jú 20 bí wọn kò bá fi aṣọ wé irin náà, 30 bí wọ́n bá wé e. Aago tó bá ń yára á mú irin jáde kí iṣẹ́ tó parí, ojú lásán ò sì lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ o. Ọ̀nà méjì ni aago lè gbà ṣì. Àkọ́kọ́, ó lè dúró síbi tí kò yẹ: gbogbo ìlú ní agogo mẹ́jọ ló lù, òun ní mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èkejì, ìrìn rẹ̀ lè má gún. Ẹ wo èèyàn méjì tó ń lọ sọ́jà. Ọ̀kan pẹ́ kó tó kúrò nílé, ṣùgbọ́n ìṣísẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Èkejì tètè jáde, ṣùgbọ́n ó ń sáré díẹ̀, ó tún ń dúró díẹ̀. Bó bá jẹ́ ìṣísẹ̀ lẹ fẹ́ fi wọn ọ̀nà, ta lẹ máa lò?

Bẹ́ẹ̀ ni aago rí. Èyí tó fi ìṣẹ́jú 10 ṣíwájú ìlú, tí ìrìn rẹ̀ sì gún, kò ní ba iṣẹ́ jẹ́ fún ẹni tó ń ka èémí, torí ìṣẹ́jú kan rẹ̀, ìṣẹ́jú kan náà ni. Àmọ́ èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tò láàárọ̀ yìí, tó bá gbogbo ìlú mu, bí ìrìn rẹ̀ bá ń yẹsẹ̀, òun gan-an lewu. Ìdí nìyí tí kò fi tó pé kí ọ̀gá ilé ìwòsàn wo ògiri, kó ní, "Aago wa bá ti rédíò mu." Ibi tó dúró ló wò. Kò tíì wo ìrìn rẹ̀.

Iṣẹ́ tí a fi ń mọ èyí, Faransé ń pè é ní étalonnage. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé títún aago ṣe ni. Rárá o. Àtúnṣe, iṣẹ́ ẹni tó ń tún aago ṣe nìyẹn. Étalonnage ni pé kí a gbé aago kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a mọ̀ pé ó pé jù ú lọ, kí a wọn ìyàtọ̀ àárín wọn, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tí a ṣe é, iye tí a rí, àti ibi tí ọwọ́ tiwa náà ti lè ṣì mọ. Aago tó ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 2 lọ́ra ní wákàtí kan, tí a mọ̀ bẹ́ẹ̀, tí a kọ ọ́ mọ́ ọn lára, ó ṣeé bá ṣiṣẹ́. Èyí tí a kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀, bó tilẹ̀ ń dán bíi wúrà, àdábọwọ́ lásán ni.

Ẹ máa bi mí pé, aago wo ló wá pé ju tiwa lọ, ta ló sì yẹ òun náà wò? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká tọ̀ ọ́ bí a ti ń tọ ìran ìdílé. Nínú ọ̀pọ̀ aago ọwọ́, òkúta wẹ́wẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní quartz. Iná bátìrì ń mú un gbọ̀n ní ìgbà 32 768 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Aago ń kà á, ó sì ń ti abẹ́rẹ́ rẹ̀ síwájú. Lókè rẹ̀ ni aago átọ́míìkì wà. Láti ọdún 1967, ayé ti fẹnu kò pé ìṣẹ́jú-àáyá kan ni àkókò tí ìtànṣán kan láti ara átọ́ọ̀mù césium fi ń gbọ̀n ní ìgbà 9 192 631 770. Ilé iṣẹ́ òṣùwọ̀n àgbáyé, BIPM, ní Sèvres lẹ́bàá Paris, ń kó ìròyìn irú aago bẹ́ẹ̀ tó lé ní 400 jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, ó sì fi ń ṣírò àkókò kan ṣoṣo fún gbogbo ayé, èyí tí wọ́n ń pè ní UTC. Àwọn sátẹ́láìtì GPS náà gbé aago átọ́míìkì sínú, wọ́n sì ń ju àkókò sílẹ̀ fún wa lójoojúmọ́ láìgba kọ́bọ̀.

Baba ńlá aago wà, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tó kù ni kí aago ilé ìwòsàn wa lè ka ìran rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: "Èyí ni wọ́n fi yẹ̀ mí wò lọ́jọ́ báyìí, èyí sì ni wọ́n fi yẹ òun náà wò." Ẹni tó ń du oyè ní ìlú wa, ṣebí a máa ń bi í léèrè ìdílé. Bí kò bá rí i kà, a ò ní fi jẹ.

Mi ò fẹ́ dá ẹ̀rù sílẹ̀. Aago quartz tó dára lè máà ṣì ju bí ìṣẹ́jú-àáyá 15 lọ nínú oṣù kan. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ò tó ohun tí nọ́ọ̀sì lè rí. Ibi tí ewu ti ń wá, a mọ̀ ọ́n. Bátìrì tó ti fẹ́ tán, tí abẹ́rẹ́ ń fò síwá tó tún ń gbọ̀n lójú kan. Aago ìkàsẹ́jú tí a ń lọ́ lọ́wọ́ bíi ti ilé ìdáná, tí irin lílọ́ inú rẹ̀ ti rọ̀. Aago tó gbára lé iná mànàmáná, tó ń ka bí iná náà ṣe ń gbọ̀n. Iná tiwa yẹ kó máa gbọ̀n ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí iná bá lọ, tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ tí kò fún un ju 47 lọ, irú aago bẹ́ẹ̀ á fi ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 36 lọ́ra ní wákàtí kan. Ewu mìíràn ni ìkánjú tiwa: ká ka ìlàjì ìṣẹ́jú, ká sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Èémí kan tí ojú bá fò di méjì nínú ìwé nìyẹn.

Ẹ̀yin ará Tógò, ti yín tún ní àfikún. Wákàtí kan ló wà láàárín wa: bí agogo mẹ́sàn-án bá lù ní Bẹ̀nẹ̀, mẹ́jọ ló lù ní Tógò. Ní Kambólé àti irú abúlé bẹ́ẹ̀ tó súnmọ́ ààlà, pọ́tábù lè fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì òdìkejì, kó fi wákàtí kan fò láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Èyí kì í ba ìkà èémí jẹ́, torí ìrìn aago náà ò yí padà. Àmọ́ ẹni tó ń fi pọ́tábù rántí àkókò oògùn, tàbí agbẹ̀bí tó ń kọ wákàtí tí omi fọ́ àti wákàtí tí ọmọ bọ́, gbọdọ̀ mọ aago ìlú wo ni òun ń wò.

Kí ẹ má baà ní ilé onílé nìkan ni mo ń wò, ẹ jẹ́ kí n wo tiwa. Rédíò náà, aago ló gbé e dúró. Ní Bẹ̀nẹ̀, HAAC ló ń fún rédíò láṣẹ, a sì ní nọ́ńbà tiwa lórí FM. Bí nọ́ńbà rédíò kan bá jẹ́ 100, ìgbì tó ń gbé ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n ní ìgbà mílíọ̀nù 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ká ní ẹ̀rọ tó ń ka ìgbọ̀n náà ṣì ní ẹyọ kan nínú 1000. Lára aago ògiri, ìyẹn jẹ́ bí ìṣẹ́jú-àáyá 86 lóòjọ́, ẹ lè má kíyè sí i. Lára rédíò, ó ti kúrò ní 100 bọ́ sí 100,1, ó ti ń wọ oko ẹni ẹlẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọn ìgbì rédíò, tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n náà sì gbọdọ̀ ní ìwé ìyẹ̀wò tirẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ń dùn mí. Kí orin wa má baà kọlu orin aládùúgbò, a gbà pé ó yẹ ká wọn ìgbì. Kí èémí ọmọ lè jẹ́ iye tó jẹ́ gan-an nínú ìwé, a ní kò le tó bẹ́ẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ ń wọ́ báyìí o, ọjà sì kún fún àgbà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní pọ́tábù ti wà, aago rẹ̀ pé. Òótọ́ ni. Pọ́tábù tó ń gba àkókò láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sàn ju ọ̀pọ̀ aago ògiri lọ, òun gan-an ni mo sì máa ní kí ẹ fi ṣe àyẹ̀wò láìpẹ́. Ṣùgbọ́n pọ́tábù nọ́ọ̀sì, tirẹ̀ ni, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn. Ó lè kú, ó lè dún láàárín ìkà, nọ́ọ̀sì sì lè máà wá lọ́jọ́ náà. Ohun èlò iṣẹ́ gbọdọ̀ jẹ́ ti ibi iṣẹ́.

Àwọn mìíràn á ní owó dà? Ilé ìwòsàn tí kò ní ibọ̀wọ́ tó, ṣé étalonnage ló kàn? Mo gbọ́ wọn, mi ò sì fi ṣẹ̀fẹ̀. Àmọ́ mi ò ní kí wọ́n gbé gbogbo aago abúlé lọ sí Kútọnu. Aago ìkàsẹ́jú kan ṣoṣo tó dára ní kọ̀múnù kọ̀ọ̀kan ti tó. Òun ni wọ́n á máa gbé lọ fún ìyẹ̀wò, kó ní ìwé tirẹ̀. Nígbà tí àwọn ọ̀gá ìlera bá ń yí ká abúlé, kí wọ́n mú un dání, kí wọ́n fi wé ti ibẹ̀. Ìjọba ní ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó òṣùwọ̀n, ANM. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n ọjà ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi mọ orúkọ wọn. Ẹ jẹ́ ká bá wọn sọ ti aago náà. Ìgbìmọ̀ ará ìlú tó wà nídìí ilé ìwòsàn lè gbé e lọ bá mẹ́rì. Kò gba ju lẹ́tà kan lọ.

Kó tó dìgbà náà, ohun kan wà tí ẹ lè ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ mú pọ́tábù tó ń gba àkókò láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ ṣí ibi tí ó ti ń ka ìṣẹ́jú. Ẹ tẹ òun àti aago tí ẹ fẹ́ yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rìn fún ìṣẹ́jú 10. Kí ló dé tí mi ò ní kí ẹ lo ìṣẹ́jú kan? Nítorí ọwọ́ èèyàn máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó tẹ nǹkan. Bí ọwọ́ bá fi ìṣẹ́jú-àáyá kan pẹ́, nínú 60, ó pọ̀. Nínú 600, kò tó nǹkan. Bí ìyàtọ̀ bá jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 2 tàbí 3 lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, ẹ lè fi ka èémí. Bó bá tó 10, ẹ yí bátìrì padà kí ẹ tún un ṣe. Bó bá ṣì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ yọ aago náà kúrò nídìí aláìsàn. Ẹ kọ ọjọ́ àti iye tí ẹ rí sínú ìwé àjákọ kan, ẹ so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ aago. Ní oṣù mẹ́ta sí i, ẹ tún un ṣe.

Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń gbọ́ mi, iṣẹ́ àṣetiléwá tó dára nìyí fún àwọn ọmọ CM2. Ìṣirò ni, ìmọ̀ ìlera ni, ó sì máa jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a lè bi òṣùwọ̀n pàápàá léèrè ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ìyá, ọ̀rọ̀ tiyín rèé kí n tó gbé míkírò sílẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ àyà ọmọ bá ń wọnú nígbà tó bá ń mí, bí kò bá lè mu ọmú tàbí omi, bí gìrì bá mú un, tàbí kó máa sùn tí kò ṣeé jí, ẹ má dúró de aago kankan. Ẹ gun zémíjàn, ẹ máa lọ. Bó bá jẹ́ ikọ́ àti ibà ni, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá ń ka èémí rẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, aago yìí, ìgbà wo ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn?" Ẹ má fi jà. Ẹ ṣáà béèrè. Bí ogún ìyá bá béèrè lọ́sẹ̀ kan, ìwé àjákọ yẹn á dé ẹ̀gbẹ́ aago kí ọjà márùn-ún tó ná.

Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ. Ó di ọjà mìíràn.